Ọmọbìnrin Ló Ń Fọhùn Lẹ́nu Àwòrán

Ẹni tó bá wọ ọkọ̀ ojú irin Seibu ní Ikebukuro, tó sọ̀ kalẹ̀ ní Oizumi-gakuen, tó sì gba ẹnu ọ̀nà àríwá jáde, àwọn ère ló máa kọ́kọ́ bá pàdé. Atom wà níbẹ̀, ọmọdékùnrin tí wọ́n fi irin ṣe. Tetsuro àti Maetel wà níbẹ̀, àwọn méjì tí wọ́n wọ ọkọ̀ ojú irin la àárín ìràwọ̀ kọjá. Joe abẹ̀ṣẹ́kùbíòjò ń bẹ níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni Lum, ọmọbìnrin oníwo tó ti ojú sánmà wá. Ọdún 2015 ni wọ́n gbé wọn kalẹ̀, nítorí pé àgbègbè Nerima yìí wà lára ibi tí kàtúùnù ilẹ̀ Japan, èyí tí gbogbo ayé ń pè ní ànímè, ti fìdí múlẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀.

Àwọn èèyàn ń ya fọ́tò. Ohùn ni èmi ń wá. Mari Shimizu ló fọhùn fún Atom nígbà tí eré náà bẹ̀rẹ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n ní January 1963. Masako Nozawa fọhùn fún Tetsuro, Masako Ikeda fún Maetel, Fumi Hirano fún Lum. Nínú àwọn ère márààrún, Joe nìkan ló ní ohùn ọkùnrin. Mo yí wọn po lẹ́ẹ̀kan sí i, mo tún un kà, bẹ́ẹ̀ náà ló rí. Kò sí ohun tó wà lára àwọn ère náà tó sọ fún ẹni tó ń kọjá pé obìnrin ló ń bẹ lẹ́nu Atom àti Tetsuro.

Ọ̀rọ̀ náà ti pẹ́. Ní Oizumi yìí kan náà ni Toei wà, ilé iṣẹ́ tó gbé Hakujaden jáde ní 1958, fíìmù kàtúùnù gígùn aláwọ̀ mèremère àkọ́kọ́ ní Japan. Èèyàn méjì péré, Hisaya Morishige tó jẹ́ ọkùnrin àti Mariko Miyagi tó jẹ́ obìnrin, ló pín gbogbo ohùn inú rẹ̀ láàárín ara wọn: ti èèyàn, ti ẹranko, ti ọmọdé, ti arúgbó. Nígbà yẹn, iṣẹ́ àfikún ni fífi ohùn sí àwòrán jẹ́. Àwọn òṣèré orí ìtàgé àti ti rédíò ni wọ́n ń yá àwòrán lóhùn, tí wọ́n sì ń fi owó rẹ̀ gbọ́ bùkátà nígbà tí orí ìtàgé bá dá. Lónìí, seiyu, ìyẹn òṣèré olóhùn, jẹ́ iṣẹ́ tí ọmọbìnrin ń torí rẹ̀ fi ilé bàbá rẹ̀ sílẹ̀ ní ìgbèríko wá sí Tokyo.

Ìdí tí obìnrin fi ń fọhùn fún ọmọkùnrin kò ṣòro. Òfin kò jẹ́ kí ọmọdé gidi ṣiṣẹ́ di òru, bó bá sì bàlágà, ohùn rẹ̀ á ki. Eré tó bá fẹ́ lo ogún ọdún lórí tẹlifíṣọ̀n kò lè gbára lé e. Àwọn ọmọ wa l'Ékòó àti n'Íbàdàn tí wọ́n fẹ́ràn Naruto àti Luffy, àwọn ọmọkùnrin inú ànímè, tí wọ́n sì ń wò wọ́n ní èdè Japan tí wọ́n ń ka ìtumọ̀ nísàlẹ̀, ohùn Junko Takeuchi ni wọ́n ń gbọ́ fún Naruto láti 2002, ti Mayumi Tanaka fún Luffy láti 1999. Nozawa, tí wọ́n bí ní 1936, ló gba ipa Goku nínú Dragon Ball ní 1986. Nígbà tí ẹ̀dà tuntun eré náà jáde ní 2024, òun náà ni wọ́n pè. Ìyá àgbà tó ti lé ní ọgọ́rin ọdún ló ń ké igbe ogun lẹ́nu ọmọdékùnrin yẹn. Mo fẹ́ kí ẹni tó ń kà á fi èyí sọ́kàn, torí pé ohun tí mo rí lẹ́yìn èyí ní Tokyo kò bá a mu.

Àgbègbè Suginami kò jìnnà sí Nerima, ilé iṣẹ́ ànímè tó wà níbẹ̀ sì lé ní ọgọ́rùn-ún. Láti ibùdókọ̀ Ogikubo, mo wọ bọ́ọ̀sì lọ sí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ànímè tí wọ́n ṣí síbẹ̀ ní 2005. Ọ̀fẹ́ ni ìwọlé. Igun kan wà nínú rẹ̀ tí àlejò ti lè fi ohùn ara rẹ̀ sí àwòrán. Ọmọbìnrin kékeré kan ló wà níbẹ̀ nígbà tí mo dé, ìyá rẹ̀ dúró tì í. Lákọ̀ọ́kọ́, ó ka ọ̀rọ̀ náà tán kí ẹnu àwòrán tó yà. Lẹ́ẹ̀kejì, ẹnu àwòrán pa dé, òun ṣì ń sọ̀rọ̀ lọ. Kò bínú, kò rẹ́rìn-ín, ó kàn ní kí wọ́n tún un bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó yá, ó fi ìwé sílẹ̀, ó tẹjú mọ́ ètè ẹni inú àwòrán náà, ó sì mí nígbà tí onítọ̀hún mí. Ọ̀rọ̀ náà bọ́ sí i. Kò sẹ́ni tó kọ́ ọ ní èyí lójú mi, ìyá rẹ̀ sì pàtẹ́wọ́.

Ohun tí ọmọ yẹn ṣe ní ìgbà díẹ̀ ni wọ́n ń ṣe láti òwúrọ̀ dalẹ́ nínú sítúdíò gidi. Maikirofóònù mẹ́ta tàbí mẹ́rin ló sábà máa ń wà níwájú ojú àwòrán, òṣèré sì lè ju mẹ́wàá lọ. Wọ́n á jókòó yí ògiri ká, kálukú pẹ̀lú ìwé eré lọ́wọ́. Bí ọ̀rọ̀ bá kan ẹnì kan, á dìde, á bọ́ síwájú maikirofóònù tó bá ṣófo, á sọ tirẹ̀, á yẹ̀ fún ẹlòmíràn, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò sì gbọ́dọ̀ dún. Ìwé kò gbọ́dọ̀ dún bí wọ́n bá ṣí i. Aṣọ tó ń dún bí èèyàn bá rìn, ẹ̀gbà ọwọ́, bàtà olókè, èèwọ̀ ni gbogbo wọn. Kódà ikùn tí ebi ń pa tó ń kùn lè ba iṣẹ́ jẹ́, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi máa ń wá nǹkan jẹ kí wọ́n tó wọlé. Àwòrán tí wọ́n ń wò kì í sì í sábà tíì parí. Ó lè jẹ́ ìlà pẹ́ńsù lásán, pẹ̀lú orúkọ ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn tó ń yọ tó sì ń pòórá. Láti inú ìlà yẹn ni ọmọbìnrin á ti mọ̀ bóyá òjò ń rọ̀, bóyá ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀ wà nítòsí tàbí ó wà lókèèrè, bóyá ó ti sáré dé ni. Ó gbọ́dọ̀ mọ̀ ọ́n kí wọ́n tó tan iná pupa tó ń sọ pé wọ́n ti ń gba ohùn sílẹ̀.

Wọ́n ń bọ̀wọ̀ fún àgbà níbẹ̀ gan-an. Ọmọ tuntun máa ń jókòó sẹ́bàá ilẹ̀kùn, òun ló ń ṣílẹ̀kùn fún àwọn tó ṣáájú rẹ̀ dé iṣẹ́, á sì fi àga tó dára sílẹ̀ fún wọn. "Ẹ káàárọ̀" ni wọ́n fi ń kí ara wọn, ì báà jẹ́ aago mẹ́sàn-án alẹ́. Bí eré bá nílò ariwo ọjà, tàbí ẹ̀rín àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń kọjá lẹ́yìn, ọmọ tuntun ló ń ṣe é. Gaya ni wọ́n ń pe irú ariwo bẹ́ẹ̀. Kò sẹ́ni tó máa mọ ohùn rẹ̀ nínú rẹ̀, àmọ́ ibẹ̀ ló ti ń gbọ́ bí àgbà ṣe ń mí, bí wọ́n ṣe ń dúró, bí wọ́n ṣe ń gba àtúnṣe lẹ́nu olùdarí ohùn láìjanpata.

Nígbà tí Kòrónà dé ní 2020, wọ́n pín àwọn òṣèré ní mẹ́ta-mẹ́ta, mẹ́rin-mẹ́rin, kí wọ́n má baà kó àrùn ran ara wọn. Ó bọ́gbọ́n mu, kò sẹ́ni tó lè bá wọn wí. Síbẹ̀, àwọn tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lásìkò yẹn ń wọlé, wọ́n ń sọ tiwọn, wọ́n ń lọ, láìfojú kan àgbà kankan. Lójú tèmi, àdánù ńlá ni. Ẹnu ilẹ̀kùn yẹn ni ilé ẹ̀kọ́ wọn.

Ní àdúgbò Akihabara ní Tokyo, ojú ni mo rí púpọ̀, ohùn kò tó nǹkan. Láti ẹnu ibùdókọ̀ títí dé inú ilé ìtajà Radio Kaikan, fọ́tò àwọn ọmọbìnrin wà lára ògiri, lára àwo orin, lára ìwé ìròyìn. Láti 1994 ni ìwé ìròyìn tó jẹ́ ti òṣèré olóhùn nìkan ti wà lórí igbá. Ẹni tó bá ra àwo orin lè rí àǹfààní láti dúró níwájú ọmọbìnrin náà fún ìwọ̀nba ìṣẹ́jú àáyá, kí ó gba nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀, kí ó sì sọ̀rọ̀ kan sí i kí wọ́n tó ní kó máa lọ. Mo rí ìlà àwọn ọkùnrin tó ń dúró de irú ìpàdé bẹ́ẹ̀ lórí àtẹ̀gùn ilé ìtajà kan. Wọ́n tò lẹ́sẹẹsẹ, wọ́n fara balẹ̀, ẹlòmíràn wọ kóòtù ibi iṣẹ́.

N kò bá orin jà. Nana Mizuki, tí wọ́n bí ní Niihama ní ìpínlẹ̀ Ehime, ti ń kọ́ enka, irú orin ilẹ̀ Japan kan, lọ́dọ̀ bàbá rẹ̀ láti kékeré kó tó di òṣèré olóhùn. Ní alẹ́ ọjọ́ tó kẹ́yìn ọdún 2009, ó kọrin nínú Kohaku, ètò orin ńlá ti NHK, ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n Japan, òun sì ni òṣèré olóhùn àkọ́kọ́ tí wọ́n pè síbẹ̀. Ní 2011 ó kọrin ní Tokyo Dome. Ohùn ló gbé e débẹ̀, kò sì sí ẹni tó lè jiyàn rẹ̀. Àwọn ọmọbìnrin mẹ́sàn-án inú eré Love Live! tí wọ́n ń jẹ́ μ's náà kún pápá kan náà ní 2016, bí wọ́n ṣe ń fọhùn fún àwòrán náà ni wọ́n ń fi ẹsẹ̀ ara wọn jó ijó rẹ̀. Ohun tó ká mi lára ni pé ohun tí àwọn wọ̀nyí fi ẹ̀bùn ara wọn ṣe ti di ohun tí wọ́n ń béèrè lọ́wọ́ gbogbo ọmọ tuntun. Ṣé ó lè jó? Ojú rẹ̀ ńkọ́? Ọdún mélòó ni? Bí ìròyìn bá sì jáde pé ọ̀kan nínú wọn ní àfẹ́sọ́nà, àwọn kan lára olólùfẹ́ rẹ̀ á máa bínú bí ẹni tí wọ́n jẹ ní gbèsè. Kí ló kan ohùn nínú gbogbo èyí?

Ọmọ ilẹ̀ wa kan tó ti pẹ́ ní Tokyo ló mú mi mọ ọmọbìnrin kan tó wà lẹ́nu iṣẹ́ náà, òun ló sì bá wa túmọ̀. Ní Koenji la ti pàdé, nínú ilé ọtí kékeré kan lábẹ́ afárá ọkọ̀ ojú irin, níbi tí ọmọbìnrin náà ti ń gbé oúnjẹ fún oníbàárà lálẹ́. Ó wá láti erékùṣù Kyushu. Ó bẹ̀ mí kí n má dárúkọ òun tàbí ti ilé iṣẹ́ tó ń bá òun wáṣẹ́, mo sì ṣèlérí.

Ohun àkọ́kọ́ tó sọ fún mi yà mí lẹ́nu, ó sì tètè yé mi: ohun tó nira jù fún òun ní Tokyo ni bí ohùn ṣe ń lọ sókè sódò lórí ọ̀rọ̀. Bí wọ́n ṣe ń gbé ọ̀rọ̀ jáde ní Kyushu kò bá ti Tokyo mu, ti Tokyo sì ni eré ń fẹ́. Ó fi ìwé ńlá tí NHK ṣe lórí ìpè ọ̀rọ̀ hàn mí nínú àpò rẹ̀, etí ìwé náà ti ya. Ó ní bí òun bá bá ìyá òun sọ̀rọ̀ lórí fóònù, òun gbọ́dọ̀ dúró díẹ̀ kí òun tó padà sí ti Tokyo, torí ti ilé kì í tètè kúrò lẹ́nu. Ní ilé ẹ̀kọ́ tí wọ́n ti kọ́ ọ, àràárọ̀ ni wọ́n ń ka Uiro-uri, ọ̀rọ̀ ẹnu oníṣòwò oògùn kan tó ti wà nínú kabuki, eré orí ìtàgé ilẹ̀ Japan, láti 1718, tó kún fún ọ̀rọ̀ tó ń lọ́ ahọ́n pọ̀. Ó kà á fún wa níbẹ̀, kíákíá, ọwọ́ rẹ̀ ṣì ń nu tábìlì. N kò gbọ́ ìtumọ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ẹyọ kan tó dà nù.

Lẹ́yìn ilé ẹ̀kọ́, owó. Nippairen, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn òṣèré Japan, ní àtẹ owó tó mọ ipò kálukú. Ọmọ tuntun ń gba 15,000 yen fún eré ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kan, ì báà jẹ́ gbólóhùn kan ló sọ, ì báà jẹ́ igba. Ilé iṣẹ́ tó bá a wá iṣẹ́ á yọ tirẹ̀, ìjọba á yọ owó orí. Ẹni tó bá rí iṣẹ́ kan ṣe lọ́sẹ̀ ti ṣe oríire, ọ̀pọ̀ kì í rí tó bẹ́ẹ̀, ìdí nìyẹn tí ilé ọtí àti ilé ìtajà fi kún fún àwọn tó ti kọ́ṣẹ́ tán. Nínú Shirobako, eré ànímè tó jáde ní 2014 nípa àwọn tó ń ṣe ànímè, ọmọbìnrin kan wà tó ń jẹ́ Shizuka Sakaki, òṣèré olóhùn tó ń ṣiṣẹ́ ilé ọtí tí kò rí ipa gbà títí eré fi fẹ́rẹ̀ẹ́ parí. Ẹni tí mò ń bá sọ̀rọ̀ ní òun kò lè wo ọ̀pọ̀ ibi nínú rẹ̀ láìsunkún.

Lọ́dọ̀ wa, ọmọ tó ń kọ́ aṣọ rírán mọ ọjọ́ tó máa ṣe fúrídọ̀mù. Ó mọ̀ pé ọ̀gá á gbàdúrà fún un, wọ́n á ya fọ́tò, wọ́n á jẹun, láti ọjọ́ kejì ó di ìyáàfin aránṣọ. Fún ọmọbìnrin yìí, ọjọ́ tó jọ bẹ́ẹ̀ wà, ṣùgbọ́n ọjọ́ tí ẹ̀rù rẹ̀ ń bà á ni. Ọdún mẹ́ta ni ọmọ tuntun fi ń gba owó ọmọdé iṣẹ́. Lẹ́yìn náà á bọ́ sí ipò, owó rẹ̀ á sì lọ sókè. Ìgbà yẹn gan-an ni ọ̀pọ̀ wọn ń pàdánù iṣẹ́. Ẹni tó ń ṣe ètò ìnáwó eré á wò ó pé ipa kéékèèké ni, ọmọ tuntun mìíràn sì ti wà lẹ́nu ọ̀nà tó ṣì ń gba 15,000, ó kéré sí i lọ́jọ́ orí, fọ́tò rẹ̀ sì dára. Bí ọmọbìnrin ṣe ń mọ iṣẹ́ ni iṣẹ́ ń sá fún un.

Ibí yìí ni mo ti rántí Nozawa. Àádọ́ta ọdún ni obìnrin yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ pé nígbà tó gba ipa Goku. Junko Takeuchi ti pé ọmọ ọgbọ̀n ọdún kó tó di Naruto. Atsumi Tanezaki lo ọ̀pọ̀ ọdún lórí ipa kéékèèké kó tó di Anya, ọmọdé inú Spy x Family, ní 2022. Ní 2023, ọ̀fun kan náà ló fọhùn fún Frieren, obìnrin tó ti lo ẹgbẹ̀rún ọdún láyé, ẹni tó bá sì gbọ́ méjèèjì kò ní gbà pé ẹnì kan ni. Irú iṣẹ́ báyìí kì í jáde láti ara ẹni tí wọ́n fi ọdún mẹ́ta díwọ̀n. Ó ń fẹ́ kí obìnrin dàgbà sínú rẹ̀. Àwọn tó ń ṣe ànímè mọ̀ bẹ́ẹ̀, torí ohùn àwọn àgbà obìnrin wọ̀nyí ni wọ́n ṣì ń tà títí di òní. Kí ló wá dé tí wọ́n fi ń lo àwọn ọmọ tó yẹ kó rọ́pò wọn bí ohun tí kò ní pẹ́ tán?

Mo bi í bóyá ẹgbẹ́ kò lè jà fún wọn. Ó ní àwọn àgbà ti jà rí. Ní 1973, àwọn òṣèré olóhùn da iṣẹ́ sílẹ̀ nítorí owó wọn, àtẹ owó tí òun ń jẹ lónìí kò ṣẹ̀yìn ìjà wọn. Nígbà tí ìjọba fẹ́ mú ètò owó orí tuntun wá ní October 2023, èyí tó ń ni àwọn tí owó wọn kò tó nǹkan lára, àwọn òṣèré olóhùn wà lára àwọn tó pariwo jù. Ní 2024, mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n nínú wọn jáde nínú fídíò láti kọ̀ fún àwọn tó ń fi kọ̀ǹpútà ṣe ẹ̀dà ohùn wọn láìgbàṣẹ. "Ṣùgbọ́n àwọn tó gbajúmọ̀ ló jáde," ni ó wí. "Tèmi, ta ló máa wá ṣe ẹ̀dà rẹ̀?" Kò sọ ọ́ pẹ̀lú ẹ̀rín. Mo ní mo rò pé ẹ̀dà ariwo ọjà ni wọ́n máa kọ́kọ́ ṣe, torí òun ló rọrùn jù, bí gaya bá sì bọ́ sọ́wọ́ kọ̀ǹpútà, ibo ni ọmọ tuntun máa jókòó sí? Ó ronú sí i, ó ní òun náà ti rò ó bẹ́ẹ̀.

Ó wá bi mí léèrè ohùn ta ni àwọn ọmọ ilẹ̀ wa ń gbọ́. Mo ní ọ̀pọ̀ ń wo ẹ̀dà Gẹ̀ẹ́sì, ohùn àwọn ará Amẹ́ríkà ni wọ́n sì mọ̀. Ó mi orí. "Pikachu ńkọ́?" Ó mọ èsì náà kí n tó sọ ọ́. Ikue Otani, tó ti ń fọhùn fún ẹranko kékeré inú ànímè yẹn láti 1997, ohùn rẹ̀ náà ni wọ́n fi sílẹ̀ nínú ẹ̀dà Gẹ̀ẹ́sì. Orúkọ ara rẹ̀ nìkan ni Pikachu ń pè, síbẹ̀ ọmọdé mọ ìgbà tí inú ń bí i, ìgbà tí ó ń bẹ̀bẹ̀, ìgbà tí ebi ń pa á. Ó tún rán mi létí Akari Kito, tó fọhùn fún Nezuko nínú Demon Slayer ní 2019, ọmọbìnrin tí ọparun dí lẹ́nu nínú ọ̀pọ̀ jù lọ eré náà, tó jẹ́ pé ìkùn àti èémí nìkan ló kù fún un láti fi ṣe gbogbo ìfẹ́ tó ní sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin.

Irú ipa bẹ́ẹ̀ ni ọmọbìnrin Kyushu yìí ń lọ ṣe ìdánwò fún. Ẹranko kan tí kò ní ọ̀rọ̀ kankan ni, ìpè rẹ̀ ní Tokyo àti ti Kyushu sì dọ́gba. Ó ti ń lọ wo àwọn ajá ní etí odò láti mọ bí wọ́n ṣe ń mí kí wọ́n tó gbó. Èèyàn bí ọgọ́rùn-ún ló fi ohùn ránṣẹ́, ó gbọ́ bẹ́ẹ̀, díẹ̀ ló kù, òun sì wà nínú wọn. Ọdún kẹta rẹ̀ nìyí. Aago mẹ́wàá òwúrọ̀ ọjọ́ kejì ni wọ́n fi ìdánwò náà sí, ó sì ti sọ fún ọ̀gá ilé ọtí náà. Nítorí náà, ní gbogbo ìgbà tí ilẹ̀kùn ń ṣí lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tó wà nídìí ààrò ló ń bá a pariwo kí àwọn oníbàárà káàbọ̀, lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀kan fún ara rẹ̀, lẹ́ẹ̀kan fún tirẹ̀.